Bí ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ò bá wọ̀ yín mọ́: bí ẹ ṣe lè rí ìjọ mìíràn tó máa gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀ l'Ékòó

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, lágbègbè Bájùláyè. Kò sí ẹ̀sìn tí kì í gbé iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ìwé ètò ìsìnkú, kálẹ́ńdà, pósítà ìsọjí, ìwé orin, káàdì ìdámẹ́wàá, ìwé ìléwọ́ àwọn tó ń pe èèyàn wá ṣe àṣàrò, gbogbo rẹ̀ la ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kò wọ̀ lára mọ́ fi máa ń fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, tí wọ́n á ní, "Màmá, ibo lèèyàn tún lè lọ?"

Èmi náà ti kúrò nínú ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, ó ti pẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mi ò kàn lè fi ẹnu mi jẹ́wọ́ mọ́ pé gbogbo ẹni tí kò gba Jésù ló ń lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ìyá tó bí ìyá mi bọ Ọ̀ṣun títí ó fi kú, mi ò sì tíì rí ẹni tó ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka Ìgbàgbọ́ nínú ìsìn, tí gbogbo èèyàn dìde dúró, ọ̀rọ̀ màmá yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé orin dídùn àti ẹ̀rín ẹnu ọ̀nà kọ́ la fi ń mọ ìjọ tó gba èèyàn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó fẹ́ kúrò, àti ẹni tó kú tí kò fi owó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun àjèjì lẹ fẹ́ ṣe. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èkó ti ń wá ọ̀nà tiwọn sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ní 1888, àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan níbí fi àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó sílẹ̀, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀. David Brown Vincent tó wà lára wọn bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1894, ó di Mọ́jọlá Agbébí. United Native African Church tẹ̀ lé wọn ní 1891, African Church dé ní 1901, wọn ò sì lé olóbìnrin púpọ̀ síta. Àwọn wọ̀nyí ò kúrò lẹ́yìn Kristi o. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1920, Ìjọ Ọ̀rúnmìlà ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó yìí kan náà. Àwọn bàbá wa ti la ọ̀nà yìí tipẹ́.

Kí ló lé yín jáde gan-an?

Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sí ibikíbi. Bó bá jẹ́ pé pásítọ̀ kan tàbí ìyá ìjọ kan ló ṣẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kọ́ nìyẹn, ó lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni ẹ nílò. Ẹni tí Mẹ́talọ́kan ò yé, ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì ń dà láàmú, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ ń bọ, ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ tí ariwo gbohùngbohùn ti sú, àti ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́ àmọ́ tí kò fẹ́ dá wà, ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n máa gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ ò fẹ́ pàdánù. Ọ̀pọ̀ kì í ronú kan èyí. Bàbá kan tó máa ń bá wa gé bébà sọ pé orin nìkan ni òun ń ṣàárò. Bí ẹ bá mú irú bàbá yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń jókòó jẹ́jẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kò ní padà lọ. Obìnrin tó ní ọmọ kéékèèké sì gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹ̀kọ́ ọmọdé wà, torí pé bí ọmọ ò bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ìyá náà á fi jókòó sílé.

Àwọn ibi tí ẹ lè yà sí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ẹ bá ti dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ọkàn yín sì ń fà sí Ìṣẹ̀ṣe, Ìjọ Ọ̀rúnmìlà ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé ara yín á tètè mọ ibẹ̀. Sọ́ńdè ni wọ́n ń pàdé. Àwọn èèyàn á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ṣí ìwé orin tó ní nọ́ńbà, wọ́n á gbọ́ wàásù. Àmọ́ ẹsẹ Ifá ni oníwàásù ń ki, Ọ̀rúnmìlà ni orin ń yìn. Odù, ìyẹn ìpín tí wọ́n pín ẹsẹ Ifá sí, jẹ́ 256, àwọn àgbà inú wọn tí à ń pè ní ojú odù sì jẹ́ 16, nítorí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ pé kò sí ẹ̀kọ́ nínú ẹ̀sìn yìí. Ní 2005, UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ohun ìní ńlá aráyé. Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ náà sì dára fún ẹni tó kàn fẹ́ wá wòran, torí kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ta ló pè yín.

Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lọ jókòó nínú ìjọ, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lọ bá babaláwo nílé. Bí ẹ bá lọ bá babaláwo, ẹ lọ pẹ̀lú ẹni tó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún púpọ̀. Ẹ bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ Ifá, ẹ tún béèrè ibi tí olúwo rẹ̀, ìyẹn ọ̀gá rẹ̀ nínú Ifá, wà. Babaláwo gidi kì í bínú sí ìbéèrè yẹn, inú rẹ̀ á dùn láti ka orúkọ àwọn tó kọ́ ọ. Bó bá ní kí ẹ rúbọ, ẹ ní kó ka nǹkan ẹbọ fún yín níkọ̀ọ̀kan: obì, orógbó, ataare, epo, ẹ̀kọ, eku, ẹja, adìyẹ, bó bá ṣe rí. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ sí ọjà Ojúwòyè ní Múṣin lọ béèrè iye wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ má lọ sọ́jà, kí ẹ kàn fi owó ránṣẹ́ sí fóònù òun kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti pinnu láti gba Ifá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́fá, ìyẹn ọwọ́ Ifá kan. Ìtẹ̀fá, ìyẹn títẹ èèyàn ní Ifá pátápátá nínú igbódù (igbó Ifá), jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ púpọ̀ àti owó púpọ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ kó yín wọ ibẹ̀ lóṣù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Fún ẹni tó ṣì fẹ́ràn orin ìyìn àti Bíbélì ṣùgbọ́n tí Mẹ́talọ́kan kò yé, ìjọ kan wà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún l'Ékòó tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rárá: Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá, tí Adéníran Adédèjì Ìṣọ̀lá dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò ní Áńgílíkà. Unitarian ni wọ́n. Ọlọ́run kan ṣoṣo ni wọ́n ń sìn, wọ́n sì gbà pé ẹ̀rí ọkàn oníkálukú ló yẹ kó darí rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin wọn. Ìjọ kékeré ni. Bí ẹ bá fẹ́ èrò rẹpẹtẹ, kì í ṣe ibẹ̀.

Àwọn Bahá'í ni mo ti rí tí wọ́n fara balẹ̀ jù sí àlejò. Láti Páṣíà ni ẹ̀sìn wọn ti wá, ní sẹ́ńtúrì 19. Bahá'u'lláh tó dá a sílẹ̀ kú ní 1892. Wọ́n gbà pé Mósè, Jésù, Mùhámmádù àti àwọn mìíràn jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan náà. Wọn ò ní pásítọ̀, wọn ò ní àlùfáà. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n ń dìbò yàn láti darí wọn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ polongo ara rẹ̀. Ilé ìsìn wọn àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà wà ní Kampala, wọ́n ṣí i ní 1961. L'Ékòó, nínú yàrá ìjókòó ilé èèyàn lẹ óò ti sábà bá wọn. Ẹ mọ̀ pé òfin wà níbẹ̀ o. Wọn kì í mu ọtí. Wọn kì í wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ẹ bá ní káàdì ẹgbẹ́ kan ẹ máa dá a padà kí ẹ tó di ọmọ ìjọ. Ọjọ́ 19 ni wọ́n ń gba ààwẹ̀ nínú oṣù kẹta. Bí ọmọ wọn bá sì fẹ́ ṣègbéyàwó, gbogbo òbí tó wà láàyè lọ́tùn-ún lósì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyá mi ní tiẹ̀ sọ pé ohun kan ṣoṣo tí òun gbà lára ẹ̀sìn wọn nìyẹn.

Ẹni tó gbà pé èèyàn ń padà wáyé, tó ń pe ọmọ ní Babátúndé tàbí Yétúndé tí wọ́n sì ń bá a wí ní ṣọ́ọ̀ṣì, lè wo Eckankar tàbí àwọn ará Grail (Grail Movement). Eckankar bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1965. Wọ́n máa ń jókòó pọ̀, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa fa ohùn HU gùn, ohùn yẹn á kún gbogbo ilé. Ẹ lè bá wọn ṣe é láìkúrò nínú ẹ̀sìn tí ẹ wà. Àwọn ará Grail ní ilẹ̀ ńlá kan ní Ìjù tí wọ́n ń pè ní Grailland, igi pọ̀ níbẹ̀. Ẹ múra dáadáa, ẹ tètè dé, ẹ má reti àtẹ́wọ́ tàbí ìlù. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Soka Gakkai ń pàdé nínú ilé ara wọn láti jọ pe gbólóhùn àdúrà wọn, Nam-myoho-renge-kyo, kí wọ́n sì sọ ohun tójú wọn rí lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ará Krishna (Hare Krishna, ẹ̀ka ẹ̀sìn Híńdù kan) ń se oúnjẹ tí kò ní ẹran, wọ́n sì ń fún gbogbo ẹni tó bá wá jẹ. Ìsìláàmù ńkọ́? Ilé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó kọ́kọ́ bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí lọ síbi àsáláátù NASFAT, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1995. Ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ náà ní ẹlẹgbẹ́: ó ti ṣe díẹ̀, láti 1996, tí àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Humanist ti ń kóra jọ ní Nàìjíríà.

Ẹ má ka ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ mọ́ ìjọ. Reformed Ogboni Fraternity, tí Rẹ́fúrẹ́ńdì T. A. J. Ogunbiyi dá sílẹ̀ ní 1914, ní ipò tirẹ̀ láwùjọ, mi ò bú wọn. Àmọ́ ìjọ tí à ń wá níbí ni èyí tí ẹ lè kọ́kọ́ wò látòkè délẹ̀ kí ẹ tó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ibi tí a ti ń búra kí a tó mọ ohun tó wà nínú ilé kò bá ohun tí ẹ ń wá mu.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò wọ́n

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ pe nọ́ńbà wọn ṣáájú, ẹ sọ pé àlejò ni yín, ẹ béèrè irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ àti bóyá wọ́n ń bọ́ bàtà. Ojúmọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe àìsùn. Ẹ mú ẹnìkan dání, ẹ sì sọ fún ẹnìkan nílé ibi tí ẹ wà. Ẹ má fi fọ́tò yín, orúkọ ìyá yín tàbí aṣọ tí ẹ ti wọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí wọ́n ní àwọn rí.

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi ń wá ibi tó máa wà, mo bá a lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn Bahá'í kan ní Sùúrùlérè. Yàrá ìjókòó lásán ni, àga oníke tí wọ́n yá kún un, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lẹ́yìn wíńdò. Wọ́n pín ìwé àdúrà kékeré yí ká. Ẹnìkan ka ní Yorùbá, ẹnìkan ka ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ka Fátíhà, kò sì sí ẹni tó yí ojú padà. Wọn ò wàásù. Nígbà tó kan ọmọ àbúrò mi, ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun gba Bahá'u'lláh gbọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹnìkan bi ẹ́ ni? Ka èyí tó bá wù ẹ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù dé, tí wọ́n ń bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Níbòmíràn tí mi ò ní dárúkọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọmọ àbúrò mi béèrè lórí ẹ̀kọ́ wọn tí obìnrin kan fi gbé ọwọ́ lé e lórí, tó ní ẹ̀mí àríyànjiyàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó wá ṣe ọjọ́ mẹ́ta lórí ilẹ̀. Ó dìde, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, a jáde. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin náà ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní, kì í ṣe láti fi dán wọn wò bí ọlọ́pàá, bí kò ṣe pé kí ẹ béèrè ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn gan-an. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá kúrò. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ẹni tó ti kúrò lọ bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní àwọn ṣì ń kí ara àwọn lọ́jà, ó dáa. Bí ó bá wo ọ̀tún wo òsì kó tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ èsì. Ẹ tún lọ ní ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ: lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, tàbí lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù kò wá. Mo fẹ́ràn láti wo ẹni tó ń to àga lẹ́yìn ìpàdé. Bó bá jẹ́ pé àwọn obìnrin àti àwọn tálákà nìkan ló ń to àga nígbà gbogbo, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe pín ara wọn.

Owó, àti ìwé tó ní orúkọ lórí

Èyí kan iṣẹ́ mi. Ìjọ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (Corporate Affairs Commission, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) sábà máa ń kọ CAC/IT/NO àti nọ́ńbà sí orí ìwé lẹ́tà rẹ̀. Ẹ gba ìwé ìléwọ́ wọn, ẹ wo òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, ọ̀fẹ́ ni. Àìforúkọsílẹ̀ nìkan kò sọ ìjọ di ti jìbìtì, torí ẹgbẹ́ kékeré inú pálọ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá wà lórí ìwé tí orúkọ tó bá a mu kò sì sí, ẹ yẹra.

Ẹ béèrè bí owó ṣe ń wọlé àti ẹni tó ń ka ìṣirò rẹ̀ síta. Àwọn Bahá'í kì í gba owó ìjọ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Bahá'í rárá, bí ẹ bá tilẹ̀ na owó sí wọn wọ́n á dá a padà. Eckankar ní owó ọdọọdún fún ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú kí ìjọ ní owó tó ń gbà, iná àti omi kì í ṣe ọ̀fẹ́ l'Ékòó. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi ẹ̀rù gbà á: pé bí ẹ ò bá san án, ọmọ yín á ṣàìsàn.

Ta ló máa sin òkú yín?

Ibi tó le jù nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kì í ronú dé. L'Ékòó, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sin òkú onígbàgbọ́. Àwọn ló ń fún yín ní ọjọ́, àwọn ló ń ṣe àìsùn, akọrin wọn ló ń ṣáájú pósí. Ẹni tó bá fi ìjọ sílẹ̀ ti fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀.

Mo rí ohun tó ń fà. Lálẹ́ ọjọ́rú kan, ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan wà lórí ẹ̀rọ wa. Pléètì ti dè, fọ́tò bàbá náà pẹ̀lú fìlà ẹtù ti ń jáde lára bébà, íǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ìpè wọlé pé ìjọ náà ò ní sin ín lọ́jọ́ ẹtì mọ́, torí bàbá jẹ gbèsè owó ìjọ. A dá ẹ̀rọ dúró. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú fóònù létí, wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ èèyàn títí ilẹ̀ fi mọ́, èmi sì ń ka orúkọ orin tí bàbá náà yàn fúnra rẹ̀ kó tó kú.

Kí ẹ tó dá káàdì ìjọ padà, ẹ bi ìjọ tuntun yín pé, "Bí mo bá kú lọ́la, kí lẹ máa ṣe?" Èsì wọn máa yàtọ̀ síra gidi. Ẹ̀kọ́ àwọn Bahá'í ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé òkú kọjá ìrìn wákàtí kan sí ibi tí ẹni náà kú sí, wọn ò sì gbọ́dọ̀ sun ún níná. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá kú sí Yaba, wọn ò ní gbé yín lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún, bó ti wù kí àwọn ẹbí yín pariwo tó. Wọ́n tún ní kí olúkúlùkù kọ ìwé ìhágún rẹ̀ sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí àwọn ẹbí á mọ̀ ṣáájú. Àwọn awo ní ètùtù tiwọn tí wọ́n ń ṣe fún awo tó bá lọ. Bí àwọn ọmọ yín bá jẹ́ onígbàgbọ́ tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ lórí òkú. Ẹni tí ìjọ rẹ̀ kò ní ètò kankan ṣì lè sinmi ní itẹ́ òkú gbogboogbò bíi Àtàn ní Yaba, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ka ohun tó fẹ́ kí wọ́n kà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ fún ẹni méjì: ọ̀kan nínú ẹbí, ọ̀kan nínú ìjọ.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nílé

Ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ ọdún, ẹ má sì sọ ọ́ níwájú èrò. Ẹ lọ bá ìyá yín ní òun nìkan, lórí ìkúnlẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ní ìdọ̀bálẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń lọ ṣe níbẹ̀, ẹ má sọ ohun tó burú nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Màmá, mo ti rí ibi tí mo ti ń gbàdúrà tí ọkàn mi ń balẹ̀" ti tó fún ọjọ́ kìíní. Mo ṣì máa ń bá ìyá mi lọ síbi ìkórè lọ́dọọdún, mo máa ń ra àsopọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá ń ta níbẹ̀, mo sì ń bá wọn kọrin. Kò sí ohun tó dín kù nínú ìgbàgbọ́ mi.

Bí ẹnìkan bá sọ pé òun á lé yín jáde nílé tàbí níbi iṣẹ́, ẹ rántí pé abala 38 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún gbogbo èèyàn ní òmìnira ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà. Àmọ́ pẹ̀lú ẹbí, sùúrù ló ń ṣiṣẹ́ ju òfin lọ. Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra jù ni ọmọ ilé ìwé tí owó ilé ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn òbí tó gbóná sí ẹ̀sìn. Irú wọn kò ní láti kéde ohunkóhun títí wọ́n á fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn, ìjọ tó bá sì ń tì wọ́n pé kí wọ́n kéde ara wọn kò fẹ́ràn wọn.

Bí ẹ ò bá rí èyí tó bá yín lára mu

Ẹ pe ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ sí pálọ̀ yín, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀. Kí ẹnìkan ka nǹkan, kí ẹ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí olúkúlùkù sọ bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, kí ẹ jẹun. Ẹ má lo gbohùngbohùn, onílé àti aládùúgbò kò ní gbà, wọ́n sì lè fẹjọ́ ariwo yín sun ìjọba. Ẹ máa pààrọ̀ ẹni tó ń darí. Ẹ má gba owó kankan, kí ẹni tí ìpàdé bá wà nílé rẹ̀ ra omi, kí àwọn tó kù gbé oúnjẹ wá. Bí ẹnìkan nínú yín bá ṣòfò tàbí bímọ, kí gbogbo yín lọ.

Ìgbà tí ẹ bá pọ̀ débi pé ẹ fẹ́ ṣí àkáǹtì báńkì lórúkọ ẹgbẹ́ tàbí kí ẹ ra ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ CAC tó kàn yín. Ẹ máa yan àwọn tó máa ṣe alámòójútó ohun ìní, ẹ máa kọ òfin ẹgbẹ́, ẹ máa gbé orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Ẹ wá agbẹjọ́rò tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Kó tó dìgbà yẹn, ìwé kékeré kan tí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ara yín sí ti tó.